Kòkòrò tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́, àti ìbátan ẹ̀ tó ń sùn sínú ọ̀mùnú

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ẹ̀gẹ́ mi ṣe nǹkan kan tó dẹ́rù bà mí. Oko kékeré kan ni mo ń dá lẹ́yìn ilé, kò ju kí n máa rí gàrí tèmi jẹ lọ, ìgbà tí ọyẹ́ sì mú dáadáa ni mo rí i pé àwọn ewé òkè ń sún kì, wọ́n ń lọ́, wọ́n sì ní àmì tótòtó lára bí ìgbà tí èèyàn mú abẹ́rẹ́ gún wọn káàkiri. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé orí ti wọ̀ dànù lára àwọn kan, igi lásán ló ṣẹ́ kù tó nàró bí àbẹ́là. Mo já ewé kan, mo gbé e lọ bá ẹni tó ń ta oògùn oko lọ́jà, kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan, ó ti gbé ìgò méjì kalẹ̀. Ó ní kòkòrò tuntun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, kí n po ìgò méjèèjì pọ̀, kí n fọ́n ọn láàárọ̀, kí n tún fọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Mo fọ́n ọn o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó dà bíi pé ó ti lọ, lọ́sẹ̀ kẹta ó padà wá, ó sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ìgò méjì yẹn ì bá ra gàrí tí ilé mi máa jẹ fóṣù kan.

Ìbínú owó yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa kòkòrò yìí, mo tún pe àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́ lórí fóònù títí tí káàdì fi tán. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ níbí, torí mo ń rí i lórí wọ́sáàpù àwọn àgbẹ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ta ìgò méjì fún. Ẹ gbọ́, kòkòrò yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó lè bá wa kápá ẹ̀ náà ti dé láti bí ọgbọ̀n ọdún, mọ̀lẹ́bí ni àwọn méjèèjì, oògùn tí mo sì fọ́n yẹn, ẹni tó ń ṣe mí lóore ló kọ́kọ́ pa.

Máìtì ni wọ́n. Yorùbá ò ní orúkọ kan tó kó gbogbo wọn pọ̀, kò sì yà mí lẹ́nu, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ojú lásán ò lè rí i dáadáa. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ nínú wọn ni eégbọn. Ẹ mú eégbọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ létí ajá, ẹ fojú inú sọ ọ́ di kékeré, kó máa kéré sí i títí tí kò fi ní tó hóró iyọ̀ mọ́, ẹ ti mọ bí máìtì ṣe rí nìyẹn. Eégbọn ni òmìrán ẹbí náà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní bíi ti aláǹtakùn àti àkekèé, àfi ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin tó jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, torí náà wọn ò bá iná orí àti ìdun tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò kan náà la máa ń kó gbogbo wọn sí.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ nínú wọn ti ju 50,000 oríṣi lọ, wọ́n sì gbà pé èyí tó kù tẹ́nì kankan ò tíì fún lórúkọ pọ̀ jù ìyẹn lọ dáadáa. Kò síbi tí wọn ò sí. Nínú ilẹ̀ ni, nínú omi ni, nínú ìyẹ́ ẹyẹ ni, nínú bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń sùn lé ni, àwọn kan wà tó ń wọkọ̀ lọ̀fẹ́ nínú ihò imú ẹyẹ kékeré tó ń mu oje òdòdó, tí ẹyẹ bá ti dé orí òdòdó míì wọ́n á sáré já bọ́ látinú imú. Ẹ má bínú o, ó wà lójú ẹ̀yin náà. Demodex lorúkọ ìyẹn, inú ihò tí irun ojú ti ń hù ló ń gbé, alẹ́ ló máa ń jáde wá wá ìyàwó, ọwọ́ ìyá sì ni ọmọ ti sábà máa ń kó o láti kékeré. Ní 2022 àwọn onímọ̀ ka gbogbo jíìnì inú ẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tín-tìn-tín tí òbí fi ń ta àbùdá sọ́mọ lára, wọ́n rí i pé ó ti sọ èyí tó pọ̀ gan-an nù nínú wọn torí pé lára èèyàn kò sóhun tó ń lé e, kò sí oòrùn tó ń pa á, oúnjẹ ò sì wọ́n ọn. Ó ti ń di ara wa díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ fọjú yín, kò ní kúrò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni èyí tó ń gbé nínú etí àfòpiná ní Amẹ́ríkà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àfòpiná ní etí, etí yẹn ló fi ń gbọ́ ohùn àdán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kó lè sá. Máìtì yìí á wọ inú etí kan, á ba gbogbo ibẹ̀ jẹ́, á sọ ọ́ di ilé, á bímọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan etí kejì. Kódà tí òmíràn bá tún dé lẹ́yìn ẹ̀, á tọ ipa ẹni àkọ́kọ́ lọ sínú etí tí wọ́n ti bà jẹ́ yẹn náà. Nítorí kí ni? Tí etí méjèèjì bá di, àdán á gbé àfòpiná jẹ, àtonílé àtayálégbé ló máa bá a lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Àwọn tó ń ba etí méjèèjì jẹ́ ti wọ ikùn àdán lọ tipẹ́, wọn ò lọ́mọ láyé mọ́.

Bí ayé ṣe ń ṣa wọ́n láṣàyàn nìyẹn láti nǹkan bí 410 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, torí wọ́n ti rí òkú wọn nínú òkúta ní abúlé kan tó ń jẹ́ Rhynie ní Scotland, ìgbà yẹn dáínósọ̀ ò tíì sí rárá. Wọ́n ti ní àsìkò tó pọ̀ láti pín sí ọ̀nà tó pọ̀. Àwọn kan ń jẹ ewé jíjẹrà, àwọn kan ń mu ẹ̀jẹ̀, àwọn kan ń mu oje ewé, àwọn kan ò sì mọ iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa pa máìtì bíi tiwọn jẹ. Èyí tó wà nínú eruku ilé tó ń yọ àwọn tó níkọ́ fée lẹ́nu, àwọn onímọ̀ kan ní Michigan fi hàn ní 2013 pé ara ẹranko ni àwọn baba ńlá ẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀, ó fibẹ̀ sílẹ̀ ló padà wá di olómìnira, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ká kàn máa pe gbogbo wọn ní máìtì dà bí ìgbà tá a bá pe màlúù àti ẹkùn ní ẹranko. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí màlúù bá ń jẹ oko yín, kò yẹ kí ẹ yìnbọn pa ẹkùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹ̀gẹ́.

Máìtì tó wà lórí ẹ̀gẹ́ mi, Mononychellus tanajoa lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ kàn ń pè é ní máìtì aláwọ̀ ewé. Ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ ní 1938. Bahia yẹn náà ni, Bahia àkàrà àti Ọ̀ṣun. Ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀, ọmọ ìhà ibẹ̀ ni, àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun wa, ìgbà tí àwọn Àgùdà sì padà wálé láti Brazil ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá ni gàrí ṣíṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá dáadáa. Ẹ̀gẹ́ wá, àwọn ọ̀tá ẹ̀ ò bá a wá. Fún bí irínwó ọdún ẹ̀gẹ́ ń jayé orí ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà bí ọmọ tó sá kúrò nílé àwọn ẹni tó ń nà án. Àfi 1971 tí wọ́n rí máìtì yìí nítòsí Kampala ní Uganda, ó jọ pé igi ẹ̀gẹ́ tẹ́nì kan gbé wọlé fún gbígbìn ló bá wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti ń rìn bọ̀, nígbà tó fi máa tó bí ọdún 15 ó ti kárí ibi tó pọ̀ jù tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ má ṣì í mú fún kòkòrò funfun bí òwú tó jà láàrin ọdún 1970 sí 1980 o, èyí tí wọ́n fi agbọ́n kékeré kan láti Paraguay ṣẹ́gun, tí Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, fi gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ìyẹn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìtàn tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé tèyí náà lè ṣeé ṣe.

Báwo ló ṣe ń ba ewé jẹ́? Mo ra gíláàsì kékeré kan tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà fóònù, mo dojú ewé kan bolẹ̀, mo wò ó. Ẹ̀yìn ewé ló ń gbé, ewé tó rọ̀ tó wà lókè ló sì fẹ́ràn jù. Ó rí bí ẹ̀kán omi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, aláwọ̀ ewé tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kò tó ìdajì mìlímítà, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnu ẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, á gún inú ewé, á fa oje àti àwọ̀ ewé jáde lójú kan, á sún díẹ̀, á tún gún un. Tótòtó tí mo ń rí yẹn, ojú ibi tó ti fa nǹkan gbẹ nìyẹn. Ewé tí wọ́n bá ti fà báyẹn kì í dàgbà, á lọ́, á gbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà jù torí òjò ò sí tó máa fọ̀ ọ́ dànù, ẹ̀gẹ́ pàápàá ò sì rí okun yọ ewé míì rọ́pò. Ewé tó bá ti bà jẹ́, ìdí ò lè ta dáadáa, àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ pé ó lè gba 30 nínú gbogbo 100 tó yẹ kéèyàn wú, níbi tó bá ti le jù ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ewé bá sì ti gbẹ tán, kò ní jókòó kú síbẹ̀, á ta òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn, á so rọ̀ mọ́ ọn, atẹ́gùn ọyẹ́ á gbé e dé oko alájogbé. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i lóko yín, ẹ má bá aládùúgbò jà, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti lọ bá a.

Ibi tí oògùn ti ń kùnà gan-an wà nínú bó ṣe ń bímọ, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Láti ẹyin títí dé ìgbà tó máa di àgbà, kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ nígbà ooru. Èyí tó jẹ́ obìnrin lè yé ẹyin láìrí ọkùnrin rárá, gbogbo ẹyin tí kò bá ní bàbá, ọkùnrin ló máa jáde. Tó bá wá rí ọkùnrin, ó lè bí obìnrin. Ìyẹn ni pé ọkùnrin wọn ò ní bàbá, ẹ̀dà jíìnì kan ṣoṣo tó gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ló ń gbé kiri. Nínú èèyàn, jíìnì kan lè sá pamọ́ sẹ́yìn ìkejì fún ìran mẹ́ta mẹ́rin láìṣe nǹkan kan. Nínú ọkùnrin máìtì, kò síbi ìsápamọ́. Tí oògùn bá dé, ọkùnrin tí kò ní jíìnì tó lè fara dà á á kú lójú ẹsẹ̀, èyí tó bá ní in ló máa yè, òun nìkan ló máa kù tí àwọn obìnrin máa rí fẹ́. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ìran mìíràn lè wà lóko yín tí ìgò yẹn ò ràn mọ́. Ẹni tó tà á fún yín á ní ayédèrú lẹ rà, á gbé òmíràn tó wọ́n jùyẹn lọ fún yín.

Ìbátan ẹ̀ kan wà, Tetranychus urticae, tó ń da àwọn tó ń gbin tòmátì àti òdòdó láàmú kárí ayé. Ó ń jẹ oríṣi ewéko tó ju 1,000 lọ. Ó ti di aláìgbọ́ràn sí oríṣi èròjà oògùn tó ju 90 lọ. Ní 2011 tí wọ́n ka jíìnì ẹ̀ tán, wọ́n rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu: àwọn jíìnì kan wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe ti ìran ẹ̀ rárá, ọ̀dọ̀ olú àti bakitéríà ló ti rí wọn gbà láyé àtijọ́. Ẹyọ kan nínú èyí tó gbà lọ́dọ̀ bakitéríà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pa agbára sáyánáìdì rẹ́. Sáyánáìdì yẹn náà ni májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí àwa fi ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó di fùfú, tá a fi ń fún gàrí nínú àpò ká tó yan án. Èyí tó gba ìyá wa ní odindi ọ̀sẹ̀ kan àti agbada, máìtì ti gbé tiẹ̀ sínú ikùn. Ìbátan ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìgò méjì bá jà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí kò lówó lásán lèyí, ẹ wo Amẹ́ríkà. Láàrin oṣù kẹfà 2024 sí oṣù kẹta 2025, àwọn tó ń fi oyin ṣòwò ńlá níbẹ̀ pàdánù nǹkan bí 60 nínú gbogbo 100 ilé oyin tí wọ́n ní, oyin tí wọ́n fẹ́ kó lọ sóko àmọ́ńdì ní California, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n bá a lófìfo. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjọba wọn yẹ òkú oyin wò, fáírọ́ọ̀sì ló kún ara wọn, máìtì tó ń jẹ́ Varroa destructor ló sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì yẹn kiri. Wọ́n wá yẹ Varroa fúnra ẹ̀ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti ní àmì pé oògùn amitraz ò ràn án mọ́, oògùn tí gbogbo wọn ti gbójú lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn Varroa ò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀gẹ́. Oyin Éṣíà ló ń gbé lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ti mọwọ́ ara wọn, ó bọ́ sára oyin àwọn Yúróòpù tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì sọ ọ́ di ilé aláìlólúwa. Australia ló kẹ́yìn nínú àwọn orílẹ̀-èdè ńlá, ó dé èbúté Newcastle wọn lọ́dún 2022, wọ́n pa ilé oyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún run kí wọ́n lè lé e, nígbà tó di 2023 wọ́n gbà pé apá àwọn ò ká a.

Oyin tiwa ńkọ́? Nígbà tí Varroa dé South Africa ní 1997, gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọ́n oògùn sí oyin inú igbó, èyí tí kò lágbára kú, èyí tó mọ bó ṣe ń yẹ ara ẹ̀ wò tó sì ń kó ọmọ tí máìtì ti bà jẹ́ dànù ló kù, láàrin ọdún díẹ̀ ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀. Ní Brazil náà, oyin tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára ẹ̀, ìran àwọn ìyá oyin tí Warwick Kerr, onímọ̀ ọmọ Brazil, gbé lọ síbẹ̀ láti Áfíríkà ní 1956, ń bá Varroa gbé láìsí oògùn. Wọ́n gba oyin lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa lẹ́gẹ̀ẹ́. Mi ò mọ ẹni tó jèrè jù, àmọ́ ẹni tí oyin yẹn bá ta rí á ní èrò tiẹ̀.

Báyìí, ẹni tó ń ṣe wá lóore. Láti 1984 ni àwọn IITA ti ń wá máìtì tó ń pa máìtì jẹ, àwọn tí wọ́n máa kó wá látibi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀. Colombia ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó o, wọ́n sìn ín, wọ́n tú u sílẹ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù láwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Kò sí ẹyọ kan tó dúró. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, òfo. Wọ́n wá ronú, wọ́n rí i pé ibi tí wọ́n ti mú wọn ò ní irú ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, nígbà tí máìtì aláwọ̀ ewé bá dín kù, àwọn àlejò yẹn ò rí nǹkan jẹ, ebi ló pa wọ́n. Ni wọ́n bá yí sí ìlà oòrùn àríwá Brazil, ibi tí oòrùn ti ń jà bíi tiwa, àwọn onímọ̀ Embrapa, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Brazil, tó wà ní Cruz das Almas ní Bahia yẹn náà bá wọn wá a, wọ́n kọ́kọ́ gbé e gba Amsterdam kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní gbé àrùn wọlé, kó tó dé ilé iṣẹ́ wọn nítòsí Cotonou. Ní 1993 wọ́n tú èyí tó ń jẹ́ Typhlodromalus aripo sílẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìyẹn dúró. Kò dúró nìkan, ó ń rìn fúnra ẹ̀ láti oko dé oko, ó sọdá bọ́dà láìgba ìwé, lónìí ó ti wà ní nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè.

Kí ló fi yàtọ̀? Ilé. Inú ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló ń gbé, àárín àwọn ewé kékeré tí wọn ò tíì ṣí, ó fẹ́ràn oríṣi ẹ̀gẹ́ tí ọ̀mùnú ẹ̀ nírun. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ń yan ewé, ó wà nínú ilé. Tílẹ̀ bá ṣú, á jáde, á sọ̀kalẹ̀ lọ sórí ewé òkè yẹn, á máa pa máìtì aláwọ̀ ewé àti ẹyin ẹ̀ jẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti padà. Alexis Onzo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, wà lára àwọn tó jókòó ka ìwọlé-wọ̀de ẹ̀ tọ̀sán tòru. Tí ẹran bá wọ́n, kò ní kú, ó lè jẹ èérún òdòdó àti omi dídùn tó ń sun lára ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀, á fi ṣọ́ra títí ẹran á fi padà wá. Ohun tí ti Colombia ò lè ṣe nìyẹn. Ewéko pàápàá ń bá a dọ́gbọ́n sí i: láti nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990 ni Marcel Dicke àti Maurice Sabelis ti fi hàn ní Holland pé ewé ẹ̀wà tí máìtì ń jẹ máa ń tú òórùn kan jáde tí máìtì apẹran fi ń mọ ibi tí oúnjẹ wà. Ewé ń ké, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ń dáhùn. Níbi tí aripo ti fìdí múlẹ̀ dáadáa ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n wọn ìdí ẹ̀gẹ́, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ ò san kọ́bọ̀.

Mi ò ní purọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Lókè ọ̀dàn níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn jù kì í sábà dúró, lórí òkè tó tutù kì í rọrùn fún un, oríṣi ẹ̀gẹ́ tí ọ̀mùnú ẹ̀ ń dán láìnírun náà kì í fún un nílé. Lápá ibí yìí, ibi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ó yẹ kó wà lóko yín. Tí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ohun tí ẹ fọ́n.

Èmi, mo fọ́n tán mo tó mọ̀. Lẹ́yìn tí mo jáwọ́, mo dúró títí òjò méjì àkọ́kọ́ fi rọ̀, mo gba oko ẹnì kan lọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbà kan tí kò ra oògùn rí torí pé kò lówó ẹ̀, ẹ̀gẹ́ ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gé ọ̀mùnú díẹ̀." Ọ̀sán gangan ni. Mo fi èékánná ṣí ewé àárín ọ̀kan, mo gbé kámẹ́rà lé e. Wọ́n wà níbẹ̀, mẹ́ta, wọ́n funfun fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń dán bí ẹ̀kán òróró, ìmọ́lẹ̀ kàn wọ́n báyìí, wọ́n sáré wọnú lọ. Ìyẹn náà lẹ ó fi mọ̀ ọ́n: èyí tó ń jẹ ewé kì í yára, ẹ̀yìn ewé ló ń jókòó sí, èyí tó ń pa á jẹ kò lè dúró lójú kan, inú ọ̀mùnú ni ẹ ó ti bá a lọ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe ń gbé e láti oko dé oko ò sì le: ẹ gé ọ̀mùnú tí wọ́n wà nínú ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ lójú ọ̀nà, ẹ fi bọ àárín ewé òkè lára ẹ̀gẹ́ tiyín lọ́jọ́ yẹn gan-an, bí ọ̀mùnú tí ẹ gbé wá yẹn bá ṣe ń rọ ni wọ́n á máa kó lọ sórí èyí tó tutù. Ẹ má fọ́n nǹkan kan sí i lẹ́yìn náà.

Méjìlá ni mo gé, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, mo gbé e sínú ike. Bàbá ń wò mí. Wọ́n ní kí ni mo ń gbé lọ tí mo ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú báyìí. Mo gbé fóònù fún wọn, wọ́n fi sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Àṣé èyí ló ń gbé lóko mi látọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n fi méjì sílẹ̀ nínú méjìlá yẹn, ó lè jẹ́ pé àwọn yẹn ni àgbà wọn.